Àwo Omi Ehoro Tí Mo Fọ́

Ìlá Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Àlàrùbá.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ọ̀rà? Ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ yóò gùn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n gbé rédíò wọn, wọ́n sì bọ́ síta. O mọ bàbá rẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ pé mo kọ ìwé. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, káàdì sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, kí n tó sọ gbólóhùn mẹ́ta, wàá ti ní, "Mo ti gbọ́, Màámi." Ìwé kò ní gbà ọ́ láàyè bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ, ojú sì ń tì mí láti fi ẹnu sọ ọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti pa máṣíìnì ìránṣọ mi tì nítorí rẹ, tí aṣọ àwọn oníbàárà ń wò mí láti orí tábìlì.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àlàádì, ẹkún ni o fi bẹ̀rẹ̀. O ní abo ehoro rẹ tó kọ́kọ́ bímọ ti pa ọmọ rẹ̀ méjèèje jẹ. O ní o mọ ẹni tó fà á. O ní Sìdí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, wá kí yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu àgò, ó ń wo àwọn ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, o sì rí abọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìyá ti jẹ àwọn ọmọ tán. O ní bí Sìdí bá tún dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, bó ṣe máa ń wá, wàá sọ fún un lójú gbogbo ilé pé kó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára ohun ọ̀sìn rẹ, pàápàá abo kejì tí oyún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú rẹ̀.

Mo ní kí o fara balẹ̀. Mo wá béèrè pé, "Ṣé ehoro náà ń rí omi mu?"

O dá mi lóhùn kíá: "Omi kẹ̀? Màámi, ta ló ń fún ehoro lómi? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

O ń pariwo "Ẹ ńlẹ́, Màámi, ẹ ńlẹ́," o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Kò já. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ rèé. Gbé lẹ́tà yìí kalẹ̀ báyìí, kí o lọ bu omi fún abo ehoro tó lóyún yẹn. Omi mímu tó mọ́, irú èyí tí ìwọ fúnra rẹ yóò mu. Má ka ìyókù títí wàá fi ṣe é. Mo ń dúró dè ọ́.

O ti bu ú? Ó ti mu ún, àbí? Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, kò sì fẹ́ gbé orí sókè. Mo mọ̀. Wá jókòó báyìí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé bàbá rẹ, mi ò tíì ní máṣíìnì. Ehoro méjì, akọ kan àti abo kan, ni ẹ̀gbọ́n mi fi ta mí lọ́rẹ, pé kí n fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Bàbá rẹ kan àgò onípákó fún mi sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá rẹ àgbà, Ọlọ́hun kẹ́ wọn, wá wò ó. O kò mọ̀ wọ́n dáadáa, o kéré nígbà tí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọdẹ tí gbogbo Ìlá mọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ má fún ẹran yìí lómi o. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dẹ igbó, mi ò rí ehoro létí odò rí. Ìrì orí ewé tó o. Bí ẹ bá fún un lómi, inú rẹ̀ á wú, á sì kú." Ta ni èmi ìyàwó tuntun tí mo fẹ́ jiyàn nípa ẹran pẹ̀lú ọdẹ?

Ohun tí bàbá sọ kì í ṣe irọ́. Ohun tí ojú wọn rí nínú igbó ni wọ́n sọ. Èmi ni mo fi tèmi kún un. Ẹnìkan sọ fún mi pé ewé tútù máa ń fún ehoro ní inú rírun, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá ewé ọ̀dùnkún sóòrùn títí yóò fi rọ, kí n tó kó o fún wọn. Ṣé o rí i? Mo gba omi lọ́wọ́ wọn nítorí ìrì, mo sì tún fi oòrùn gba ìrì náà. Eèrí ọkà gbígbẹ ni mo tún ń dà lé e. Ìwọ gan-an ni o máa ń bá mi tẹ́ ewé yẹn sórí páànù nígbà tí o wà ní kékeré. Mo sì máa ń yìn ọ́ pé ọmọ mi mọ iṣẹ́.

Ẹnìkan ṣoṣo nínú agbo ilé ló rí i pé nǹkan kò lọ dáadáa. Ìyá Líàdì ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ìyálé mi. Wọ́n ti wà nílé kí n tó dé. Ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n dúró níwájú àgò, wọ́n ní, "Ìyàwó, wo bí ẹran yìí ṣe ń lá irin ilẹ̀kùn. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́." Mo ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá Líàdì." Nínú ikùn mi, mo ní ìlara ló ń dà wọ́n láàmú nítorí pé wọn kò ní ehoro tiwọn. Irú èrò tí mo ní nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Mo kéré, mo sì gbọ́n lójú ara mi.

Abo mi bí ọmọ mẹ́fà ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Inú mi dùn débi pé mo lọ sọ fún gbogbo ẹni tó ń pọn omi ní kànga. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo ṣe kírun àsárì tán tí mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá Ìyá Líàdì lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àgò. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ti gbé àwo amọ̀ kékeré kan wọlé, ehoro náà sì ti ki gbogbo ẹnu bọ omi. Mo pariwo. Mo já àwo náà gbà, mo da omi rẹ̀ nù lójú ehoro, mo sì la àwo mọ́lẹ̀. Ó fọ́ yángá. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Wọ́n ní, "Omi lásán ni, ìyàwó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ti jẹ ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo dúró sí àárín agbo ilé, mo ké, tọmọdé tàgbà jáde. Mo ní ojú Ìyá Líàdì ni, àwo Ìyá Líàdì ni, ohun tí wọ́n pò sínú omi yẹn ni. Mo sọ ọ́ níwájú ọkọ wọn. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ṣa àwọn àfọ́kù àwo wọn sínú etí ìró, wọ́n sì wọlé. Láti ọjọ́ yẹn wọn kò tẹ ẹ̀yìnkùlé mọ́ nígbà tí mo bá wà níbẹ̀. Èmi náà kò sì mu omi lọ́wọ́ wọn mọ́. Bí wọ́n bá bu omi fún mi, mo máa ń gbà á, màá fi kan ẹnu, bí wọ́n bá sì ti yí ẹ̀yìn, màá dà á sí ìdí ògiri. Bí a ṣe gbé inú ilé kan náà nìyẹn fún ọdún gbọọrọ, "Ẹ kú àárọ̀," "Ẹ kú ilé," títí Líàdì fi wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Ọ̀tan.

Ní oṣù tó tẹ̀lé ìgbéyàwó rẹ, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ ọ̀sìn gbé aṣọ wá fún mi láti rán. Ọ̀rọ̀ ehoro jẹyọ láàárín wa, mo bá sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹran yẹn ò dáa, ó máa ń jẹ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ máa ń gbé omi sí i lọ́jọ́ tó bá fẹ́ bímọ?" Ó ṣàlàyé fún mi pé òǹgbẹ tó máa ń gbẹ ehoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò kéré, pé omi ni yóò fi ṣe wàrà, àti pé bí kò bá rí omi, ó lè kọjú sí ohunkóhun tó bá tutù níwájú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó lọ, mi ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Mo ra ehoro méjì lọ́sẹ̀ yẹn, láti fi dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Mo ń fún wọn lómi. Abo bí márùn-ún, ó tọ́ márùn-ún dàgbà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìwọ wá pè mí pé o ti ra ehoro tìrẹ, mo ní kí Ọlọ́hun bù sí i. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ fún ọ. Ìtìjú ò jẹ́. Bí mo bá sọ nípa omi, màá sọ nípa Ìyá Líàdì. Nítorí náà, ọmọ méje tí o sunkún lé lórí yẹn, má wá ẹni tó pa wọ́n lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá rẹ ni. Dárí jì mí.

Ó yá, jẹ́ kí n kọ́ ọ bó ṣe yẹ kí n ti kọ́ ọ.

Èkejì nìyí, nítorí èkínní ti lọ. Má lo abọ́ ike tó fúyẹ́. Ehoro yóò fi eyín gbé e, yóò dà á nù, yóò sùn lórí omi, òtútù yóò mú un, ìwọ yóò sì rò pé ó ti mu ún tán. Àwo amọ̀ tó wúwo, tó sì ní ìsàlẹ̀ fífẹ̀, ló dára. Gbé e jìnnà sí àpótí tí ọmọ wà, kí ọmọ tí kò tíì lajú má baà rákòrò bọ́ sínú rẹ̀. Fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Má kàn bu omi tuntun lé ti àná, mo mọ̀ ọ́, ọ̀lẹ rẹ kò ju ibẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, bí ọkọ rẹ bá ra àwọn ìgò tí wọ́n máa ń dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ lára àgò, tó ní irin kékeré lẹ́nu tí ehoro yóò máa fi ahọ́n tì kí omi lè kán, ó dára, ó mọ́ ju àwo lọ. Ṣùgbọ́n fi ìka rẹ ti irin náà láràárọ̀. Mo ṣe àṣìṣe níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Mo máa ń kọjá, màá wo ìgò, màá rí i pé omi kún inú rẹ̀, màá ní "Àlùhamdulilá," màá lọ. Ní ọjọ́ kẹta akọ mi kò jẹun mọ́. Ìdọ̀tí ti dí ẹnu irin náà pa. Ẹran náà jókòó ti omi, kò sì rí mu. Ọlọ́hun ló yọ ọ́. Ìdí tí omi kò fi dín nínú ìgò ló yẹ kí n ti béèrè. Bí ehoro rẹ bá kọ oúnjẹ, kọ́kọ́ wo omi rẹ̀ kí o tó ra oògùn.

Bí mo ṣe ń sọ ìyẹn, ó rán mi létí ọkọ rẹ. Ìwọ kì í sọ ohun tó ń dùn ọ́. Láti kékeré ni o ti máa ń di ojú, tí wàá jókòó sí kọ̀rọ̀, tí wàá máa retí kí ẹnìkan mọ̀. Ehoro ni kò lè sọ̀rọ̀. Ìwọ ní ẹnu, mo sì gbọ́ ọ tó ń pariwo ní kékeré, nítorí náà mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Sọ fún ọmọkùnrin yẹn. Ó ní sùúrù, yóò gbọ́.

Omi táǹkì tí oòrùn ti pa di gbígbóná, má gbé e fún wọn lọ́sàn-án. Wọn kò ní mu ún. Tọ́jú omi tútù sínú ìkòkò níbi ìbòòji. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí o máa bu ú, ẹ̀ẹ̀mẹta ní àsìkò ọyẹ́ àti fún abo tó ń fọ́mọ lọ́mú. Nígbà ààwẹ̀ náà ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ń gbààwẹ̀, kì í ṣe ehoro. Mo sọ èyí nítorí pé mo mọ ẹnìkan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, bàbá rẹ ni, tó ní kò yẹ kí ẹran máa mu omi lójú àwa aláàwẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín títí àsìkò ìṣínu fi tó.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù.

Òtítọ́ ni pé kò dára kí èrò máa pé lé ehoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ariwo àti ajá lè dẹ́rù bà á. O lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Sìdí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ojú Sìdí kò jẹ ọmọ ehoro. Ṣé o béèrè ohun tó wà nínú abọ́ ọwọ́ rẹ̀? O kò béèrè. Ó lè jẹ́ àgbàdo, ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ oúnjẹ tirẹ̀ ló ń jẹ. Mi ò mọ̀, ìwọ náà kò mọ̀. Oṣù mẹ́jọ péré ni o tíì lò nínú ilé yẹn, o sì máa bá Sìdí ṣe ìkómọ, ìgbéyàwó àti ọ̀fọ̀, bí Ọlọ́hun bá dá ẹ̀mí sí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárín agbo ilé lọ́jọ́ yẹn, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo gbé e ru títí di àná.

Mo ní títí di àná, nítorí pé mo lọ sí Ọ̀tan ní Àtàláátà. Lẹ́yìn tí o pè mí, mi ò gbádùn ara mi mọ́. Mo ra àwo amọ̀ tuntun lọ́jà, mo wọ takisí. Mo bá Ìyá Líàdì níwájú ilé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Wọ́n ti di arúgbó, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ bo iwájú orí, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Èmi ni, ìyàwó." Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo gbé àwo náà síwájú wọn. Mo ní, "Àwo yín ni mo gbé wá." Mo bú sẹ́kún.

Wọ́n yí àwo náà lọ́wọ́ wò. Wọ́n ní, "Tèmi kò tóbi tó yìí." Wọ́n wá béèrè pé, "Ehoro yẹn, ṣé ó tún bímọ lẹ́yìn ìgbà yẹn?" Mo ní kò pẹ́ tó fi kú. Wọ́n ní, "Háà, ó mà ṣe o." Ehoro ni wọ́n káàánú.

Lẹ́yìn náà wọ́n di ògiri mú, wọ́n dìde. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n jókòó ni. Wọ́n wọlé, wọ́n bu omi jáde nínú ife, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n sì dúró, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé wàá mu ti òní?"

Wọ́n mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń da omi wọn sí ìdí ògiri, wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń bu ú fún mi lọ.

Mo mu ún tán, Àbẹ̀kẹ́. Mo tún bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé àwo náà fún ọ. Òun ló wà nínú àpò tí wọ́n gbé fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí, mo fi àṣẹ́kù aṣọ wé e. Bí Sìdí bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, má sọ ohunkóhun. Kọ́kọ́ bu omi fún un, kó mu, kó sinmi. Lẹ́yìn náà, gbé àwo yìí lé e lọ́wọ́, kí o sọ fún un pé abo kejì ti fẹ́ bímọ, kó bá ọ bu omi sí i. Kí ìwọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí o di ilẹ̀kùn àgò mú fún un.

Bí àwọn ọmọ ehoro náà bá lajú, pè mí. Lọ́jọ́ yẹn, fóònù ni mo fẹ́, kì í ṣe ìwé.

Èmi ni ìyá rẹ, tí omi Ọ̀tan ṣì ń dùn lẹ́nu rẹ̀.